Ti Ọwọ́ Bọ Inú Ọjà Kí O Tó Sanwó: Ìwádìí Ṣáájú Ríra Orúkọ Òwò

KÚTÚBÀ KÌÍNÍ

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó pèsè arísìkí fún ẹ̀dá, tí ó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún wa, tí ó sì ṣe èlé àti ìrẹ́jẹ ní èèwọ̀. A ń tọrọ ìkẹ́ àti ọlà fún Ànábì wa Muhammad, ẹni tí àwọn ará Mẹ́kà ń pè ní Olùfọkàntán kí ó tó di Òjíṣẹ́, tí ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣòwò kí ìmísí tó sọ̀ kalẹ̀ fún un. Kí ìkẹ́ náà kan àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ṣe ìṣítí fún ara wa àti fún yín pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun, nínú mọ́sálásí àti nínú ọjà. Ẹni tí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun níbi ìrun, tí kò bẹ̀rù Rẹ̀ níbi tí owó ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ìdajì ẹ̀sìn rẹ̀ ni ó gbé wá síbí.

Ìbéèrè kan ni a gbé ka iwájú yín lónìí. Bí Mùsùlùmí bá gbé òwò wá bá Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀, ǹjẹ́ èrò burúkú ni kí a wádìí rẹ̀, tàbí ojúṣe ni? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán. Ẹnì kan nínú ìjọ wa ti fi owó orí rẹ̀ san gbèsè àìbéèrè yìí, àwa náà sì ní ìpín nínú ẹ̀bi náà.

Ọkùnrin náà fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ó dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún kí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó jáde. Nígbà tí ó jáde, ilé-iṣẹ́ kan tí ń ta oúnjẹ ní àwọn ìlú ńlá ní kí ó san owó, kí ó lè fi orúkọ àwọn sí ara ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ó máa se oúnjẹ bí wọ́n ṣe ń sè é, kí ó sì máa san ìpín kan fún wọn lóṣooṣù. Èyí ni àwọn olókòwò ń pè ní fráńṣáìsì. Àwa yóò máa pè é ní ríra orúkọ òwò.

Ó gbé ìwé àdéhùn náà wá bá wa lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ìwé náà nípọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn lọ́yà ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ó ní, “Àáfà, ẹ bá wa wò ó, kí ẹ sì ṣe àdúà sí i.” A gbé ọwọ́ sókè, a ṣe àdúà. A kò ṣí ìwé náà. A ní Ọlọ́hun yóò fi àlùbáríkà sí i. Ní ọjọ́ ìṣílé, a wà níbẹ̀, a ṣe wáàsí, a sì jẹ nínú oúnjẹ náà. Àwọn kan rí wa níbẹ̀, wọ́n sì sọ lọ́kàn ara wọn pé bí àwọn Àáfà bá ti wà níbẹ̀, òwò gidi ni.

Ohun tí ó wà nínú ìwé náà nìyí, tí a kò kà títí ó fi pẹ́ jù. Nínú gbogbo ₦100 tí ó bá tà, ₦6 jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà, ìbáà jèrè, ìbáà pàdánù. Ìyẹ̀fun, òróró àti adìẹ, ọwọ́ wọn nìkan ni ó gbọ́dọ̀ ti rà wọ́n, ní iye tí wọ́n bá dá lé e. Wọ́n lè ta orúkọ kan náà fún ẹlòmíràn ní ìlú kan náà. Bí ó bá sì ti ilẹ̀kùn kí ọdún márùn-ún tó pé, ó ṣì gbọ́dọ̀ san ìyókù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí ìyá olóúnjẹ ṣe ń ṣírò. Bí èrè tí ó wà lórí ₦100 ọjà bá jẹ́ ₦10, ₦6 lọ, ₦4 kù. Bí owó epo àti owó ọkọ̀ bá jẹ èrè náà kù sí ₦5, ₦6 ṣì gbọ́dọ̀ lọ, ó ti ń yọ ₦1 san láti àpò ara rẹ̀. Bí ó bá ṣe ń tà sí i, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ó ń wo èrò tí ó kún ṣọ́ọ̀bù náà kò lè mọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ yunifásítì ìjọba kan ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé, ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì dáṣẹ́ sílẹ̀, oṣù mẹ́jọ sì ni ìdáṣẹ́sílẹ̀ náà gbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà sí ilé wọn, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn kò lọ sí ilé. Kí ọdún náà tó parí, arákùnrin wa ti ta ilẹ̀ tí ó fẹ́ kọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ṣì ń bá wa kírun. Kò bá wa wí rí, ìyẹn gan-an ni ó sì ń dùn wá jù. A tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó sọ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ní kí a sọ ọ́, kí ẹlòmíràn má baà kó sí i.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ìbéèrè wa. Nígbà tí a bi arákùnrin wa pé kí ni kò jẹ́ kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti ra orúkọ náà ṣáájú rẹ̀, ó ní Mùsùlùmí ni ẹni tí ó mú ọ̀rọ̀ náà wá, ojú sì ti òun láti máa tú u wò bí ẹni tí ó fura sí olè. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìtìjú yìí ń dè lọ́wọ́. A máa ń sọ pé ẹ̀sìn kọ èrò burúkú.

Òótọ́ ni pé ẹ̀sìn kọ̀ ọ́. Nínú Súrátù Hujúráátì, áyà kejìlá, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa ro ènìyàn ní ibi, ó sì kọ̀ fún wa láti máa tọ pinpin ara wa. Ṣùgbọ́n nínú Súrà kan náà, ní áyà kẹfà, Ó pa á láṣẹ pé bí ìròyìn bá dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé, kí a wádìí rẹ̀, kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn ènìyàn ní ibi, kí a sì wá kábàámọ̀. Áyà méjèèjì wà nínú Súrà kan, àṣẹ Ọba kan sì ni wọ́n. Wọn kò lè tako ara wọn. Iṣẹ́ wa ni láti mọ ibi tí ọ̀kan parí sí àti ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a rí ni pé títọ pinpin ni kí ènìyàn máa wá ohun tí arákùnrin rẹ̀ bò mọ́lẹ̀, tí kò kàn án: ohun tí ó ń jẹ nínú yàrá, ohun tí òun àti ìyàwó rẹ̀ sọ. Ìwádìí ni kí ènìyàn béèrè nípa ohun tí ẹni náà fúnra rẹ̀ gbé jáde wá tà. Ohun tí a bá ti gbé dé ọjà ti kúrò ní ohun inú yàrá. Ẹni tí ó ní kí n fi owó mi ra orúkọ òun ti fún mi ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ orúkọ náà.

Àpẹẹrẹ Ànábì wa sì ṣe kedere. Imam Muslim gbà á wá pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọjá lọ́dọ̀ ẹnì kan tí ó kó oúnjẹ jọ tí ó ń tà á. Ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ náà, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ibi tí ó tutù nísàlẹ̀. Ó béèrè ohun tí ó fa èyí. Ọkùnrin náà dáhùn pé òjò ni ó pa á. Ànábì béèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tí ó tutù sí òkè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ kò sí lára òun.

Ìkìlọ̀ tí ó gbẹ̀yìn ni a máa ń rántí jù nínú ìtàn yìí. Lónìí, ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ náà. Ojú ọ̀kẹ́ dára, ó gbẹ, ó mọ́, ṣùgbọ́n Ànábì kò dúró lórí ojú ọ̀kẹ́. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ní gbangba, lójú ẹni tí ó ni ín. Kò pe ọkùnrin náà ní olè kí ó tó wò ó. Ó béèrè, ó sì dúró gbọ́ èsì. Bí ìwádìí bá jẹ́ èrò burúkú ni, ta ni ì bá ṣọ́ra fún un ju Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun lọ? Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rí i pé ẹni tí ọjà rẹ̀ dára kò ní ohun tí yóò pàdánù bí a bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá ń bínú sí ìbéèrè ti fún wa ní ìdáhùn.

Ẹ wo ara wa nígbà Iléyá. Bí a bá fẹ́ ra àgbò, a ó la ẹnu rẹ̀ wo eyín, a ó wo ojú àti etí, a ó ní kí ó rìn kí a wò ó bóyá ó tiro. Bí a bá fẹ́ ra ilẹ̀ oko ní ìlú Ùsì yìí, a ó dé ibẹ̀, a ó bú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, a ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó bá a pààlà. Kò sí ẹni tí ó ń pe ìyẹn ní èrò burúkú. Kí ni ó wá dé tí a fi ń fi ọwọ́ sí ìwé tí ó gba gbogbo owó ìfẹ̀yìntì láìka ojú ewé kan?

Àwọn mìíràn yóò ní àwọn ti kí Istikhara, àwọn sì ti fi ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Istikhara dára, sunna ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ro ọ̀rọ̀ kan tí ó fẹ́ dáwọ́ lé e ni ó ń kí i, kì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ sá fún rírò ó. Ẹni tí ó bi Ànábì bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun, èsì tí ó gbà ni pé kí ó so ó mọ́lẹ̀ kí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Imam Tirmidhi ni ó gbà á wá. Àdúà tí a ṣe sí ìwé arákùnrin wa kò burú. Ohun tí ó burú ni pé a fi àdúà rọ́pò kíkà.

Ẹlòmíràn yóò ní owó òun ni, bí ó bá ṣègbé, òun ni ó ṣègbé fún. Arákùnrin, ṣé owó rẹ nìkan ni lóòótọ́? Owó ilé-ìwé ọmọ wà nínú rẹ̀. Àjẹmọ́nú ìyàwó wà nínú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ogún ènìyàn ṣe onídùúró fún wà nínú rẹ̀. A ó bi ẹrú léèrè ní Ọjọ́ Àjíǹde nípa owó rẹ̀: ibi tí ó ti rí i, àti ohun tí ó ná an lé.

Ṣé orúkọ òwò ṣeé tà nínú ẹ̀sìn? Ó ṣeé tà. Àwọn onímọ̀ Fíkíhì láti orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí gbogbo jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Kuwait ní ìparí ọdún 1988. Wọ́n fẹnu kò pé orúkọ òwò àti àmì òwò jẹ́ ohun ìní tí ó níye lórí, tí ènìyàn lè tà tàbí kí ó gbé e fún ẹlòmíràn, bí kò bá ti sí gárárì, ìyẹn òkùnkùn inú òwò, tàbí ìtànjẹ nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí májẹ̀mú náà. Bí òkùnkùn bá wọ̀ ọ́, ohun tí ó tọ́ ti ń di ohun tí kò tọ́.

Òkùnkùn inú rẹ̀ sì pọ̀, nítorí orúkọ tí o rà wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Gbogbo àgbà tí ó wà níbí ni ó mọ Mr Bigg's. Ọdún 1986 ni ilé-iṣẹ́ UAC dá a sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ náà fún àwọn ẹlòmíràn láti fi ṣòwò, ó sì tàn kálẹ̀ débi pé ẹ̀ka rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ káàkiri Nàìjíríà. Ní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ Famous Brands ti South Africa ra ìpín 49 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka náà ti di títì. A kò sọ pé ẹnikẹ́ni lu jìbìtì. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ mú ni pé orúkọ ń dàgbà, ó ń rẹwà, ó sì ń gbó. Bí wọ́n bá se oúnjẹ tí kò dára ní Ìbàdàn, ẹni tí ó gbé orúkọ kan náà kọ́ ní Adó-Èkìtì yóò jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń rà á gbọ́dọ̀ béèrè bí orúkọ náà ṣe rí lónìí, kì í ṣe bí ó ṣe dùn létí nígbà èwe rẹ̀.

Kí wá ni ohun tí a ó béèrè?

Èkínní: ta ni ó ń tà á? A lè wá orúkọ ilé-iṣẹ́ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba, lọ́dọ̀ àjọ CAC. A sì lè mọ̀ bóyá àmì òwò náà jẹ́ tirẹ̀ ní ọ́fíìsì àmì òwò ní Àbújá. Bí orúkọ náà bá ti òkè òkun wá, òfin ọdún 1979 tí ó dá àjọ NOTAP sílẹ̀ ní kí a forúkọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Èkejì: àwọn wo ni ó ti rà á ṣáájú? Má ṣe bá ẹni tí olùtajà mú ọ lọ bá nìkan sọ̀rọ̀. Wá ẹni tí ó ti ti ilẹ̀kùn, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ẹ̀kẹta: èló ni gbogbo rẹ̀? Owó ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe gbogbo owó. Béèrè ìpín oṣooṣù, bóyá lórí èrè ni tàbí lórí gbogbo ọjà tí o bá tà. Rántí pé ẹni tí ó ta orúkọ fún ọ kì í ṣe alábàáṣe rẹ nínú àdánù. Béèrè owó ìpolówó, owó ọkọ̀ láti Èkó dé Èkìtì, owó iná.

Ẹ̀kẹrin: ta ni yóò rà á lọ́wọ́ rẹ? Lọ dúró níbi tí o fẹ́ kọ́ ọ sí, ìbáà jẹ́ Ìdó, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìkọ̀lé. Ka àwọn tí ń kọjá ní ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà àti nígbà tí wọn kò sí.

Ẹ̀karùn-ún: ṣé wọ́n lè ta orúkọ náà fún ẹlòmíràn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ? Báwo ni o ṣe lè jáde bí kò bá lọ déédéé?

Ẹ̀kẹfà: ṣé haláàlì ni? Ta ni ó pa adìẹ náà? Ṣé ọtí yóò wà lórí àtẹ? Ṣé tẹ́tẹ́ ni? Ṣé owó èlé ni o fẹ́ yá láti fi bẹ̀rẹ̀? Bí èyí kò bá dára, márùn-ún ìṣáájú kò wúlò.

Èkeje: kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì ní ẹlẹ́rìí. Áyà tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùráánì, Súrátù Bákárà áyà 282, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí ni ó dá lé. Jẹ́ kí lọ́yà kà á, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún ọ ní èdè tí o gbọ́.

Má sì ṣe fi ọwọ́ sí i ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1979 ni òfin ti ní kí olùtajà kó àlàyé gbogbo fún olùrà, ọjọ́ 14 sì gbọ́dọ̀ kọjá kí ó tó fọwọ́ sí ìwé tàbí san owó. South Africa náà ní irú ọjọ́ 14 bẹ́ẹ̀ nínú òfin rẹ̀. Nàìjíríà kò tí ì ní òfin kan ṣoṣo tí ó dá dúró fún irú òwò yìí. Nítorí náà, kí olúkúlùkù fi ọjọ́ 14 náà ṣe òfin fún ara rẹ̀. Òwò tí kò lè dúró fún ọjọ́ 14 kò lè dúró fún ọdún márùn-ún.

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí a ní í sọ. A tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún yín, ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, nítorí Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìyàtọ̀ wà láàrin òwò tí ó léwu àti ìtànjẹ pátápátá. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀, ọdún 2016, MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn lójijì. Ní oṣù Igbe, ọdún 2025, CBEX ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú méjèèjì, ẹni tí ó mú ẹlòmíràn wọlé kì í sábà jẹ́ àjèjì. Ẹ̀gbọ́n ni, ọ̀rẹ́ ni, ẹni tí a jọ ń kírun ni.

Ẹnì kan wá sọ níwájú Seyyidina Umar pé òun mọ ọkùnrin kan dáadáa. Umar bi í bóyá aládùúgbò rẹ̀ ni, bóyá wọ́n ti jọ rìnrìn àjò rí, bóyá wọ́n ti jọ ná owó rí. Ó ní rárá sí gbogbo rẹ̀. Umar ní bóyá ó kàn rí i tí ó ń kírun nínú mọ́sálásí ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Umar sọ fún un pé kò mọ ọkùnrin náà. Ẹ̀yin ará, ìrun tí a jọ ń kí mú wa jẹ́ arákùnrin. Kò sọ wá di onídùúró fún òwò ara wa.

Bí a bá ní kí a wádìí, a kò ní kí ẹ̀rù ba yín. Kò sí òwò tí kò ní ewu, ẹ̀sìn kò sì kọ ewu. Àdánù tí ó dé lẹ́yìn tí ènìyàn ti béèrè, tí ó ti rò ó, tí ó sì ti ṣiṣẹ́, kádàrá ni, àbùkù kò sí níbẹ̀. Èyí tí ó dé nítorí pé a tijú láti béèrè, kádàrá ni pẹ̀lú, ṣùgbọ́n a ó bi wá léèrè nípa rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ń tajà, ẹ má ṣe dúró kí a tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ gbé èyí tí ó tutù sí òkè. Imam Bukhari àti Imam Muslim gbà á wá pé bí olùtà àti olùrà bá sọ òótọ́ tí wọ́n sì ṣàlàyé, àlùbáríkà yóò wà nínú òwò wọn, bí wọ́n bá sì bò ó, àlùbáríkà yóò kúrò níbẹ̀.

Ní ti àwa tí a dúró lórí mínbárì, a ti pinnu lọ́dọ̀ ara wa. A kò ní kéde òwò ẹnikẹ́ni mọ́ nínú mọ́sálásí yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé àdéhùn wá fún àdúà, a ó kọ́kọ́ bi í pé, “Ta ni ó bá ọ kà á?” Bí kò bá sí, a ó jọ wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà, lẹ́yìn náà ni a ó gbé ọwọ́ sókè. Arákùnrin wa ni ó kọ́ wa ní èyí, owó rẹ̀ ni a sì fi kọ́ ọ.

Ìwọ Ọlọ́hun, fi haláàlì tó wa, kí o sì pa wá mọ́ kúrò níbi haráàmù. Dá ohun tí arákùnrin wa pàdánù padà fún un pẹ̀lú èyí tí ó dára jù ú lọ. Fi òótọ́ sí ẹnu àwọn tí ń tà nínú wa, kí o sì fi ọgbọ́n sí ọkàn àwọn tí ń rà. Má ṣe jẹ́ kí ìtìjú wa di ìṣubú àwọn ọmọ wa. Bu àlùbáríkà sí ìlú Ùsì, sí Èkìtì, àti sí gbogbo ilẹ̀ wa. Àmín.

Ẹ dìde sí ìrun yín. Kí Ọlọ́hun ṣàánú fún wa lápapọ̀.